Aago Tí Kò Béèrè Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ ti aago ilé yín síwájú díẹ̀ kí ẹ má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọkùnrin kan gbé irú àṣà bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó fi ba ayé ẹnì kan jẹ́, ẹni yẹn sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó dúró tì í nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú.

Bàbá Aago ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe omi tí nọ́ọ̀sì máa ń fà sí aláìsàn lára. Ilé funfun báláú ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á bọ́ bàtà, á dé fìlà ọ̀rá, á fi fóònù àti aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì nítorí ìdọ̀tí. Bí o bá ti wọlé, o ò ní aago tìrẹ mọ́. Aago kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo wọn, ìyẹn ti kọ̀ǹpútà àgbà tó wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ọ́fíìsì.

Kọ̀ǹpútà àgbà yìí ni gbogbo àwọn yòókù máa ń bi pé aago mélòó ló lù. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tẹ ìka sí ń bi í. Agogo ìparí iṣẹ́ ń bi í. Kọ̀ǹpútà yàrá ìse náà ń bi í. Òun fúnra rẹ̀ sì máa ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bi àwọn tó jù ú lọ.

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa béèrè kò le. Òkúta wínníwínní kan wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń gbọ̀n láìsinmi. Gbígbọ̀n rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà tó fi ń mọ àkókò. Àmọ́ kò sí òkúta méjì tó ń gbọ̀n bákan náà. Ooru mú ọ̀kan, ó ń sáré. Òtútù mú òmíràn, ó ń falẹ̀. Òmíràn ti gbó, ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Ìyàtọ̀ òòjọ́ kò tó nǹkan, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó pẹ́, ó yá, aago tí kò bá bi ẹnikẹ́ni á ṣáko lọ. Abéèrè ni kì í ṣìnà.

Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èyí dunjú. Òun ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní ilé rẹ̀, aago ògiri pálọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ṣíwájú. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ti bi í léèrè rí.

"Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́tàlá? Mẹ́wàá ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ ó yọ ọ́ kúrò, ẹ ó tún padà sùn. Mẹ́tàlá kò rọrùn láti yọ. Kí ẹ tó yọ ọ́ tán, oorun ti dá lójú yín."

Obìnrin náà kú sí ọsibítù lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí fún un. Bàbá Aago ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aago ògiri yẹn. Bí wọ́n bá kí i pé báwo ni nǹkan, á ní, "A dúpẹ́." Bí wọ́n bá ní kí ni àwọn lè bá a ṣe, á ní kò sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, kò tún bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun mọ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gbà fún un. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Obìnrin náà ni olórí yàrá ìse, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru líle se àwọn ọ̀rá omi nínú ìkòkò irin gàgàrà, kí kòkòrò tí ojú kò rí lè kú. Bí ìkòkò bá ti dún, tó sì ṣí i, á pariwo pé, "Ó ti jinná o!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Àǹtí Ó-Jinná. Bó bá ṣíwọ́, á yà sílé Bàbá Aago, á di irun ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á se oúnjẹ, á sì bá onílé wí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Ilé yìí ń rùn bí inú àpótí."

"Ó dáa."

"Gbogbo nǹkan ni 'ó dáa'. Ẹ ò sì ní í ṣí i."

Kì í ṣí i lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ aago yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí máníjà pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin tí kì í jókòó ni máníjà, á máa rìn káàkiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

"Bàbá Aago, ẹ wo àwọn èèyàn yìí. Aago mẹ́jọ la ní kí wọ́n wọlé. Ó ti kọjá mẹ́jọ dáadáa, wọ́n ṣì ń rọra bọ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ẹ̀yin lẹ ni aago. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i."

"Kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe sí oorun, mà?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ rẹ̀."

Ó padà sí yàrá kékeré rẹ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àgbà. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kì í ṣe nǹkan tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Aago pálọ̀ rẹ̀ ni.

Bó bá ti aago kọ̀ǹpútà náà síwájú lásán, àwọn tó ń bi léèrè ní ìta á fà á padà sójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e kúrò lára wọn. Ó mọ̀ pé kò yẹ. Ó ti lé ẹnì kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí nítorí irú ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn. Ó gé e. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tẹ aago náà lọ síwájú, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, títí ó fi pé mẹ́tàlá.

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ó ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn ń kọ ìpẹ́ fún àwọn tó rò pé àwọn ò tíì pẹ́. Wọ́n ráhùn, wọ́n ní aago ilé-iṣẹ́ ń sáré, àmọ́ agogo ìparí iṣẹ́ náà ń dún ṣáájú, torí náà kò sí ẹni tó pàdánù. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń tètè dé. Nígbà ìpàdé, máníjà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bàbá Aago, ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe, kò sì wu òun láti mọ̀ ọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà ìsìnkú, ojú àánú ni gbogbo èèyàn fi ń wò ó. Àtẹ́wọ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ.

"Bọ̀dá," àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń jáde, "aago ibi iṣẹ́ ti ń ṣe bíi ti ilé yín o."

"Aago ibi iṣẹ́ ni."

"Mo kàn sọ ọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kékeré náà ló kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó sọ fún máníjà. Máníjà ní kó ní sùúrù. Ó tún sọ. Ó tún ní kó ní sùúrù. Yàrá náà gbóná débi pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á jáde bí ẹni tí òjò pa. Kọ̀ǹpútà àgbà náà sì ti gbó. Òkúta inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú ooru, kò sì sí ẹni tó ń bi mọ́ tí yóò sọ fún un pé, rọra.

Mẹ́tàlá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tún lé sí i.

Bàbá Aago á rìn lọ sí géètì, á wo fóònù rẹ̀, á sáré padà, á fà á wá sí mẹ́tàlá. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti tún yẹ̀. Á tún un ṣe, á tún yẹ̀. Á bú u. Á gbá a lórí bí ọmọ aláìgbọràn. Ó dà bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó so ó padà mọ́ ìta. Bó bá so ó padà, àwọn èèyàn á tún máa pẹ́, máníjà á sì bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Mẹ́tàlá náà kò ní í sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pàdánù èèyàn rí, ẹ ó mọ èyí tó le jù nínú rẹ̀.

Ó ní ìlànà kan o. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ nìkan ló máa ń fọwọ́ kan aago, nígbà tí ohunkóhun kò sí lórí iná. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló rú u.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Bàbá Aago, aago yín ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ṣé ẹ fẹ́ ká máa sùn síbí ni?"

"Ẹ jẹ́ kó máa sáré lọ, bóyá á bá wa dé ọjọ́ ìsinmi."

"Awakọ̀ tó wá kó omi ní ilẹ̀kùn kọ ìpẹ́ fún òun, òun ò sì pẹ́. Ó ń bú ìyá ẹnì kan níbẹ̀ yẹn."

Máníjà náà yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá Aago! Mò ń wọ ìpàdé. Kí n tó jáde, kí nǹkan yín yìí ti tọ́."

Inú ti bí i. Ó wọ inú ooru yẹn, òógùn ń kán sórí bọ́tìnnì. Kò bi yàrá kankan pé kí ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ó fa aago náà sẹ́yìn wá sí mẹ́tàlá, ó sì jáde. Kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan lára.

Nígbà yẹn gan-an, ìkòkò kún fún omi nínú yàrá ìse, iná sì wà nídìí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé, bí Àǹtí Ó-Jinná bá gbé omi sínú ìkòkò, á tẹ kọ̀ǹpútà. Bó bá gbé e jáde, á tún tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà á wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, á sì mọ bí omi ṣe pẹ́ tó nínú ooru. Obìnrin náà kì í wo kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀. Ìkòkò ní agogo tirẹ̀ tó ń dún fúnra rẹ̀ bí omi bá jinná. Agogo yẹn ló ń tẹ̀lé. Ó tẹ̀lé e lọ́jọ́ yẹn náà. Àmọ́ nítorí pé wọ́n ti fa aago sẹ́yìn nígbà tí omi ṣì wà lórí iná, lójú kọ̀ǹpútà, omi náà kò pẹ́ tó bó ṣe yẹ nínú ìkòkò.

Nígbà tí máníjà rí i, ó pe Àǹtí Ó-Jinná àti Bàbá Aago.

"Ẹ yọ omi kí ó tó jinná."

"Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́."

"Kọ̀ǹpútà kọ́ ló dúró ti ìkòkò, mà. Èmi ni. Ó dún kí n tó ṣí i."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ń bá yín jà ni? Bàbá Aago, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aago lọ́jọ́ náà?"

Ibí yìí ni ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Ó dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí àtẹ́wọ́. Ó rántí ẹni tó lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irú ẹ̀. Ó rò ó pé bóyá wọ́n á kàn bá obìnrin náà wí lásán.

"Kò sí, mà," ó ní. "Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ wò ó. Máníjà ló kọjú sí.

"Mà, omi yìí wà lápá ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó kú. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ṣé èmi ni màá gbé omi tí kò jinná fún ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn?"

Máníjà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n da gbogbo omi ọjọ́ yẹn nù. Wọ́n ní kí obìnrin náà lọ jókòó sílé títí alábẹ̀wò á fi ti ọ́fíìsì àgbà dé. Bí alábẹ̀wò bá gba ti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, kò sì sí ilé-iṣẹ́ oògùn kankan tó máa gbà á mọ́.

Bí obìnrin náà ṣe ń gba fóònù rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹnì kan sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Àǹtí Kò-Jinná ń relé."

Ọkùnrin náà gbọ́. Ó wo ilẹ̀.

Ohun tó wá ń ya èmi tí mò ń kọ ọ́ lẹ́nu ni pé obìnrin náà kò yéé wá sílé Bàbá Aago. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó se oúnjẹ, ó jókòó sábẹ́ aago ògiri, ó ń di irun ọmọ. Ọkùnrin náà ń jẹun.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ṣé ó lè purọ́?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Kì í purọ́."

"Ó dáa." Ó fi òòyà ya irun. "Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni nígbà náà. Mo ti ń rò ó. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, orí mi ò fi bẹ́ẹ̀ pé. Nígbà míràn màá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú kíṣìnnì. Bóyá mo gbọ́ agogo tí kò dún."

"Àǹtí, orí yín pé," ọmọ náà ní.

"Má mi orí, màá là á wọ́." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti dé ojú rẹ̀. "Mo dúpẹ́ pé wọ́n dà á nù. Ká ní ó dé ara ẹnì kan ńkọ́?"

Ọkùnrin náà gbé oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó bu òmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ló ń fa aago náà wá sí mẹ́tàlá géérégé. Ẹ̀rù ń bà á pé bó bá tún sáré jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ẹ̀rù tún ń bà á pé bó bá so ó padà mọ́ ìta, gbogbo ènìyàn á rí i pé ó fò. Àtigòkè di wàhálà, àtisọ̀kalẹ̀ di ìjà.

Alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìkàwé lọ. Ó ní òun ò ní bọ́ aago ọwọ́ òun àfi bí òun bá fẹ́ wọ inú lọ́hùn-ún. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì máníjà: alábẹ̀wò, máníjà, Àǹtí Ó-Jinná, àti Bàbá Aago tó gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn.

Alábẹ̀wò fẹ́ mọ ẹni tó wà nítòsí yàrá ìse lọ́jọ́ náà, bóyá ó gbọ́ agogo ìkòkò. Ó wo orúkọ àwọn tó tẹ ìka sí ilẹ̀kùn yàrá ìse nígbà tí wọ́n ń wọlé àti nígbà tí wọ́n ń jáde. Ìka Ìyá Ọṣẹ tó ń nu ilẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n pè é.

"Ìyá, ṣé ẹ wọ yàrá ìse lọ́jọ́ náà?"

"Mo wọ̀ ọ́, sà. Mo nu ilẹ̀, mo jáde."

Alábẹ̀wò sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó fajú ro. Ó tún wò ó.

"Ìyá, ohun tó wà níbí ni pé ẹ jáde kí ẹ tó wọlé."

"Mo ṣe kí ni?"

"Ẹ jáde kí ẹ tó wọlé."

Ìyá Ọṣẹ wo máníjà, ó wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Sà, mo ti dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì di iwin. Ilẹ̀kùn kan náà tí gbogbo yín ń gbà ni mo gbà. Mo wọlé ná, mo wá jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Máníjà pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Ó-Jinná rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e sílé. Èèyàn méjì ni kò rẹ́rìn-ín: alábẹ̀wò àti Bàbá Aago.

"Ṣé ẹ gbọ́ agogo ìkòkò?"

"Bí mo ṣe ń gbé garawa mi jáde ló dún. Èyí tún wá pariwo tirẹ̀ lé e." Ó nawọ́ sí Àǹtí Ó-Jinná. "Etí mi ò tíì bọ́ nínú rẹ̀ di òní."

Alábẹ̀wò yíjú padà, pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn. "Aago yín fò sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ìyá yìí wà nínú yàrá ló fò. Omi náà sì wà lórí iná. Ta ló fà á?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ ọkùnrin kan.

"Ooru ni, sà," Bàbá Aago ní. "Ẹ̀rọ amúlétutù ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo ti sọ fún máníjà. Ooru máa ń da aago kọ̀ǹpútà rú."

Òótọ́ sì ni. Irọ́ tí a fi òótọ́ pọ́n ló máa ń dùn lẹ́nu jù.

"Ooru lè mú un sáré," alábẹ̀wò ní. "Ó lè mú un falẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Ooru kì í dédé fa aago sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń kà á. "Kò sì tọ́ títí di ìsinsìnyí. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá... rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló fi ṣíwájú."

Ẹ̀rín kú lójú Àǹtí Ó-Jinná.

"Ìṣẹ́jú mélòó, sà?"

"Mẹ́tàlá. Géérégé."

Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pariwo. Ẹni tó ń pariwo fún omi ọ̀rá lójoojúmọ́, kò pariwo rárá.

"Bọ̀dá. Mẹ́tàlá ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Obìnrin náà nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá síbí. Ẹ sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé mi lórí."

"Èmi ni," ọkùnrin náà ní. "Èmi ni mo gé aago kúrò lára ìta. Èmi ni mo fà á sẹ́yìn. Mi ò béèrè bóyá omi wà lórí iná. Nígbà tí wọ́n sì bi mí, mo purọ́."

Máníjà jókòó, ẹni tí kì í jókòó. Ìyá Ọṣẹ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Àna yín? Àna yín tó ń se oúnjẹ fún yín?"

Kí ló kù tí mo fẹ́ sọ? Wọ́n bẹ Àǹtí Ó-Jinná níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Alábẹ̀wò bi máníjà ní ìdí tí yàrá kọ̀ǹpútà fi di ààrò. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ Bàbá Aago, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ka páálí. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é ní Bàbá Afàgosẹ́yìn. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ obìnrin náà kò wá sílé mọ́. Ọmọ ló ń lọ bá a fún irun. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kó ara rẹ̀ lọ síbẹ̀. Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì.

"Mo wá bẹ̀ ọ́."

"Ẹ wọlé."

Ó jókòó. Obìnrin náà dúró.

"Aago kọ́ ló dùn mí, Bọ̀dá. Èèyàn lè ṣe àṣìṣe. Mo jókòó ní pálọ̀ yín, mo ní bóyá orí mi ni ò pé. Ẹ gbọ́. Ẹ̀ ń jẹun lọ."

Ọkùnrin náà ní, "Mo fẹ́ kí nǹkan rẹ̀ kan wà níbi tí mo bá wà ni."

"Nǹkan rẹ̀ kọ́ lẹ gbé." Obìnrin náà wá jókòó. "Ẹ ò mọ̀ pé aago ògiri yẹn máa ń falẹ̀? Ó pẹ́ tó ti ń falẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Á ní, 'Aago mélòó lù níbẹ̀?' Màá sọ fún un. Á kọ́kọ́ tún un ṣe kó tọ́, kó tó fi mẹ́tàlá lé e. Ó ní ẹni tí kò mọ ibi tó wà, kí ló fẹ́ ti síwájú?"

Ọkùnrin náà ti gbọ́ ìpè Sátidé yẹn láìmọye ìgbà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Òfófó tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló pè é.

Nígbà tó délé, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ògiri. Kò sí mẹ́tàlá níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Aago náà ti falẹ̀ títí, ó ti wà lẹ́yìn àkókò. Mẹ́tàlá tó ń ṣọ́ bí ojú ti tán láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mo mọ̀, Bàbá," ọmọ rẹ̀ ní láti ẹnu ọ̀nà. "Fóònù ni mo fi ń jí. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ní Sátidé, ó gun àga, ó gbé aago náà sọ̀kalẹ̀, ó nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkókò hàn gbàǹgbà lójú rẹ̀. Kò lo àkókò náà. Ó fi pe àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó dún pẹ́ kí ẹnì kan tó gbé e.

"Bọ̀dá."

"Aago mélòó lù níbẹ̀?"

Ó ń gbọ́ omi tó ń dà sínú garawa lọ́dọ̀ rẹ̀. Omi náà dáwọ́ dúró.

"Fóònù tí ẹ fi ń pè mí, ṣé kò ní aago ni?"

"Ó ní. Ìwọ ni mò ń bi."

Obìnrin náà sọ àkókò fún un, ketekete, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ọmọdé. Ọkùnrin náà yí ọwọ́ aago síbẹ̀.

"Bọ̀dá?"

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ ṣí fèrèsé."

Ó gbé aago sílẹ̀, ó sì lọ ṣí i.